Òpin Eré Tí Alby Trewin Kò Dúró Wò

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Alby Trewin ní ìlú Korrabin títí dòní, ọjọ́ tó dá eré dúró ní Melbourne ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Tíátà náà kún fọ́fọ́. Omidan olórin kan dá dúró lórí ìtàgé, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin ìdágbére sí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ. Orin náà wọ gbogbo èèyàn lára. Àfi bí Alby ṣe dìde gbọnrangandan, tó dé fìlà rẹ̀, tó ní, "Ó tó àkókò o. Ẹ jẹ́ ká lọ fún wàrà."

Kò sóhun tó burú nínú kí bàbá àgbàlagbà kan dìde. Ohun tó burú ni pé èrò bọ́ọ̀sì kan odindi ló bá a wá, ọlọ́sìn màlúù sì ni gbogbo wọn. Ní Korrabin, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ìlú. Bí Alby bá ti dìde, kò sẹ́ni tó tún ń wo aago. Oníkálùkù á gbé kóòtù rẹ̀, ó di ilé, torí àwọn màlúù ti ń dúró lẹ́nu géètì de ẹni tó máa fún wàrà wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe dìde lọ́jọ́ náà, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará Melbourne tó wà lẹ́yìn wọn ò ríran mọ́, làwọn náà bá dìde. Àwọn tó wà lókè rí i pé ìsàlẹ̀ ti dìde tán, wọ́n rò pé orin ọ̀hún ló dùn tó bẹ́ẹ̀, làwọn náà bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Omidan olórin fọwọ́ kan àyà, ó tẹrí ba, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó sì tún orin náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó nínú ilé yẹn. Merle ni, ìyàwó Alby.

Merle fẹ́ràn eré orin ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti fẹ́ Alby, kò fojú kan òpin eré kankan rí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí ọkọ bá ti dìde, ìyàwó náà ti dìde nìyẹn. Oríṣiríṣi ìfẹ́ ló ti rí tó bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàgé, kò mọ èyí tó já sí ìgbéyàwó nínú wọn. Nígbà tí Dulcie ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa ń ṣètò bọ́ọ̀sì, wá sọ pé eré ńlá kan ti dé Melbourne, Merle gbé ife tíì sílẹ̀, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Alby, mo fẹ́ wo eré kan títí dé òpin kí n tó kú."

"Ta ló máa fún wàrà?"

"Lindsay tó múlé gbè wá ti gbà."

"Lindsay kẹ̀? Ọwọ́ ẹ̀ tutù jù. Pansy màlúù mi ò ní gbà kó fọwọ́ kan òun."

"Pansy á gbà. Ìwọ lo ò fẹ́ gbà."

Alby gbà, àmọ́ tòun ti orí kunkun ló lọ. Dulcie ti ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wọn sílẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀, Alby lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní kó gba ìdajì tòun padà, torí ìdajì eré lòun máa ń wò.

"Bàbá, a kì í gé tíkẹ́ẹ̀tì o."

"Ẹ ò tíì gbìyànjú ẹ̀ wò ni. Ẹ bá mi fún ẹni tó bá pẹ́ dé."

Ká sòótọ́, Alby kì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wà láìní òpin eré. Bí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń relé, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe parí, títí wọ́n á fi fún wàrà tán, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Gbogbo òpin eré Alby ni màlúù máa ń wà. Ọba tó pàdánù adé, Alby ní ó wá ra ilẹ̀ sí Korrabin, màlúù rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn níbi àfihàn ọ̀gbìn. Gbogbo ìlú ló gba ìtàn náà gbọ́. Ìyàwó pásítọ̀, tí kò sin màlúù, tó sì máa ń jókòó dé òpin, takò ó lójú gbogbo ayé.

"Alby, kò parí báyẹn. Mo wà níbẹ̀."

"Ìtàgé lẹ sún mọ́ jù, màmá. Ẹ ò lè ríran dáadáa níbẹ̀."

Ní Melbourne lọ́jọ́ náà, Merle fa etí kóòtù ọkọ rẹ̀. "Jókòó, Alby! Lindsay ló ń fún wàrà lónìí." Àwọn ará Korrabin gbọ́, wọ́n sì ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo bàtà wọn. Alby náà jókòó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀. Kò pẹ́ tó tún dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ fi fóònù ẹnu ọ̀nà pe Lindsay, ó sì dúró, ó ń wo ìyàwó rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Merle ti fẹ́ gbéra fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì di àga mú.

"Máa lọ," ló wí. "Mi ò lọ síbì kankan."

Bí Merle ṣe rí òpin eré nìyẹn. Ọkọ̀ padà dé, àfẹ́sọ́nà sọ̀ kalẹ̀, ó ń pe omidan náà láti etí òkun. Àmọ́ ìdúró ti sú omidan. Ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó wà lórí òkè, ó sì paná. Merle sunkún títí áńkáṣíìfù rẹ̀ fi rin gbingbin, inú rẹ̀ sì dùn dé ìwọ̀n tí kò lè sọ.

Nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, ó ti pinnu pé òun ò ní bá Alby sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi délé. Alby jókòó tì í.

"Pansy gbà fún Lindsay," ló wí, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. "Eré ńkọ́? Báwo ló ṣe parí?"

Merle la ẹnu.

"Má sọ, má sọ. Mo mọ̀ ọ́n." Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ padà dé lóòótọ́, ó sì gbé abo màlúù kan dání láti òkè òkun. Màlúù ọ̀hún kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, pàbó ni. Ohùn omidan yẹn nìkan ló lè pè é. Omidan bá sáré bọ́ sílẹ̀ láti orí òkè, láìwọ bàtà, ibẹ̀ ló ti pàdé àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Gbogbo èrò bọ́ọ̀sì ló ti fojú ara wọn rí òpin eré. Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Nígbà tó yá, Dulcie bojú wẹ̀yìn.

"Irú màlúù wo ni, Alby?"

"Jersey ni. Irú èwo ló tún kù?"

Ni ẹ̀rín bá gba ẹnu Merle. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé pé òun ń bínú.

Alby kú nígbà òtútù, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta àwọn màlúù. Nígbà tí wọ́n tún ṣeré nínú gbọ̀ngàn, Dulcie mú Merle lọ. "Lónìí, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ dìde," ló wí. Lóòótọ́, nígbà tí àkókò tó, kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, wọ́n ń wo àga kan tó ṣófo. Merle gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Dulcie sáré tẹ̀ lé e. Ó bá a nínú ọkọ̀, kò jókòó síbi awakọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì tó ti máa ń jókòó látọjọ́ pípẹ́ ló wà.

"Merle! Ó ku díẹ̀ kó parí. Kí ló ń lé ẹ?"

"Kò sóhun tó ń lé mi." Merle nu ojú rẹ̀. "Mo ti rí òpin kan. Ó tó mi. Àárò òpin ti Alby ló ń sọ mí. Wọlé, kí o wà á."

Dulcie wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ orin láti inú gbọ̀ngàn.

"Ṣó o mọ bí eré yìí ṣe parí?" Merle bi í.

Dulcie ló rán gbogbo aṣọ àwọn òṣèré. Ó ti wo eré náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi dánra wò.

"Rárá o," ló wí.

"Ó dáa," ni Merle wí. "Màlúù kan wà..."