Ọkọ̀ Pupa Pròf àti Oògùn Omi Rèdíétọ̀

Okùn ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ pupa náà wọ ọgbà mẹkáníìkì wa ní Mayfair nílùú Ifẹ̀, tí èéfín funfun ń rú jáde létí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń se ẹ̀wà sínú rẹ̀. Ọkọ̀ asáré ni, onílẹ̀kùn méjì, ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Obìnrin tó wà nídìí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn dé, ó sì wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó dójú tì í níwájú àlejò. Bàbá àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Mojí, ó gbìyànjú lónìí o," ni bàbá wí. "A kọjá Lágere kó tó hó."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Bí mo ṣe mọ Pròf àti ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Pròf ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ìtàn ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Dókítà eyín ni Mojí.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ràṣídì. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, rèdíétọ̀ ni mò ń tún ṣe, mo sì ti ṣe é pẹ́ débi pé àwọn tí mo tún ọkọ̀ wọn ṣe nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ géńdé ti ń gbé ọkọ̀ àwọn ọmọ wọn wá. Awakọ̀ ni ọkọ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kì í lọ sí Iléṣà kó bọ̀ láìhó lójú ọ̀nà. Ó sú mi. Mo gbéra, mo lọ bá Ọ̀gá Múfú, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ sí oní-rèdíétọ̀, mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o lè fọwọ́ kan nǹkan gbígbóná?"

"Gaàrí ni mo ń yan láti kékeré, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó na òòlù kékeré kan sí mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ọwọ́ Ọ̀gá ti ń gbọ̀n, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé irin mọ́, àmọ́ kò sí àárọ̀ tí kì í wá jókòó sábẹ́ páànù wa kó máa fi ẹnu ṣiṣẹ́.

Ohun tí rèdíétọ̀ ń ṣe kò le. Iná ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Omi ń yí ká ara irin tó gbóná yẹn, ó ń gba ooru rẹ̀, ó ń gbé e wá sínú rèdíétọ̀ tó wà níwájú ọkọ̀. Níbẹ̀, fáànù á fa atẹ́gùn gba àárín àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, omi á tutù, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Dókítà Mojí ti ní kí wọ́n fi tọ́bò kún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ní Èkó. Tọ́bò a máa ti atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Agbára náà wá lóòótọ́, ooru sì bá a wá.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí mo fẹ́ ṣí ìdérí rèdíétọ̀, Pròf ki ọwọ́ sápò, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọ́n ní àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje lọ́hùn-ún a máa dà á sínú omi rèdíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tutù.

"Oògùn kẹ̀?" Ọ̀gá Múfú dìde dúró. "Pròf, ẹ má bínú, a ti rí oògùn níbí."

Kò parọ́. Àwọn èèyàn ti da ẹyin sínú rèdíétọ̀ kó lè dí ibi tó ń jò. Wọ́n ti da ata gígún sí i, tí gbogbo wa fi ń sín títí a fi ṣí i tán. Awakọ̀ kan wà tó da ọṣẹ ìfọṣọ sí tirẹ̀, ẹnìkan ló sọ fún un pé ó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa láti ojú ọ̀nà Ìbàdàn, ìfófòó ti ń dà lẹ́nu ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń fọ eyín. Ọ̀gá bi í bóyá kí òun bá a wá omi tí yóò fi yọ ẹnu.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, Pròf pàápàá rẹ́rìn-ín. Dókítà Mojí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí kókò hù sí létí gọ́tà, ó já ewé kan, ó sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì wa. Ó kán omi lásán sí i. Omi náà ṣù jọ roboto, ó yí gbirigbiri, ó já bọ́ sílẹ̀, ewé gbẹ bíi pé kò sóhun tó kàn án. Ó wá ro oògùn inú ìgò yẹn díẹ̀ mọ́ omi inú ife, ó tún kán an. Lọ́tẹ̀ yìí, omi tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lẹ̀ mọ́ ewé.

"Ọ̀gá, irin tó gbóná gan-an nínú ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí omi lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa," ó wí. "Omi á hó níbẹ̀, á di ìfófòó wẹ́wẹ́, ooru ò ní í rí ẹni gbé e. Oògùn yìí ń jẹ́ kí omi fara kan irin. Kì í hó bí ọṣẹ."

Ọ̀gá Múfú fi ìka nu ewé náà. Ó jókòó padà. Fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ìyẹn ti tó ìdáhùn.

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Kúláńtì, ìyẹn omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n dà sínú rèdíétọ̀ ọkọ̀ náà, ki jù. Àwọn ìlú tí yìnyín wà ni wọ́n ṣe irú àdàlù bẹ́ẹ̀ fún, kí omi má bàa dì nínú ẹ́ńjìnnì. Yìnyín wo ló wà ní Ifẹ̀? Omi tó mọ́ ń gbé ooru jù ú lọ. Omi kànga wa sì ní ìdọ̀tí tó ń di páìpù pa, nítorí náà omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni mo máa ń lò, èyí tí kò ní ásíìdì. Oògùn náà sì ní ohun tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Mo fọ inú rèdíétọ̀ náà, mo da omi bátìrì sí i, mo wọn oògùn ìgò yẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára. Pròf ní kí n da gbogbo rẹ̀ sí i kó lè tètè ṣiṣẹ́. Mo ní rárá, sà, kì í ṣe ọbẹ̀.

A gbé ọkọ̀ jáde. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ká ẹsẹ̀ mi jọ bí ẹni tó wà nínú àpótí. Abẹ́rẹ́ géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn rọra dúró láàárín títí a fi kúrò nígboro. Inú mi ti ń dùn. Bí Dókítà ṣe tẹ iná mọ́ ọn lórí òkè kan lójú ọ̀nà Oǹdó, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó wọ ibi pupa, èéfín sì tún yọ.

Dókítà dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Kò pariwo. "Ó tó, Dádì. Bó bá di lẹ́yìn ìdíje, a máa tà á."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Pròf tí kò rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ìdíje tó wí nìyí: ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ asáré ti gba ojú ọ̀nà kan nínú oko ńlá kan, tí wọ́n ti da ọ̀dà sí tó sì gun òkè lọ, kí wọ́n lè sáré níbẹ̀ láìsí ẹlòmíì lójú ọ̀nà. Mojí ti fi orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí a dúró de ẹni tó máa wọ́ wa, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ojú kan ti kú mọ́ Pròf lórí. Èkejì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, àwọn dókítà sì ti sọ fún un pé kò ní í pẹ́ tí ìyẹn náà yóò fi kú. Láti ìgbà tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì ló ti ra ọkọ̀ yẹn, ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wálé, ó sì wà á jẹ́jẹ́ ní gbogbo ọdún tó fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé nínú kòtò àti gegele. Kò tíì sáré pẹ̀lú rẹ̀ rí.

"Ó ní òun fẹ́ rí ojú ọ̀nà kó máa sáré bọ̀ wá bá òun, kí ojú òun tó kú," ni Mojí wí. Ó yára nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù rẹ̀.

N kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Ọ̀gá tẹ orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà nínú ọgbà. Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá rí ni pé tàmósítáàtì kò sí níbẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń tì fún omi kó lè lọ bó ṣe yẹ. Ẹnìkan ti yọ ọ́ dànù. Mẹkáníìkì púpọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé bí omi bá ṣe ń sáré tó ni yóò ṣe tutù tó. Mo fi tuntun sí i, mo sì tan ẹ́ńjìnnì. Síbẹ̀, ara mi kò balẹ̀. N kò gbà pé ìyẹn nìkan ni.

Pròf ti gbé àga kékeré kan, ó jókòó síwájú ọkọ̀ gan-an, ó dojú kọ ọ́, tó ń mu omi ọsàn. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná, fáànù pariwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Pròf na ọrùn síwájú, ó di ojú.

"Áà, atẹ́gùn yìí mà dára o," ó wí. "Ó gbóná díẹ̀, àmọ́ ó dára."

Èmi àti Ọ̀gá Múfú gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Pròf," ni Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ wí?"

"Mo ní atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú. Ṣé mo dí yín lọ́wọ́ ni?"

Ọ̀gá Múfú kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Mo já ewé kan, mo gbé e síwájú rèdíétọ̀. Dípò kí fáànù fà á mọ́ra, ńṣe ló fẹ́ ẹ dà sí Pròf láyà. Ẹni tó pààrọ̀ mọ́tò fáànù yẹn ti so wáyà méjèèjì lódìlódì, fáànù sì ń yí sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń lọ, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń tì wọlé, fáànù ń tì í jáde. Kí ni oògùn fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

"Ojú mi kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n imú mi mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀," ni Pròf wí, ó sì ní kí a bá òun wá omi ọsàn mìíràn.

Mo pààrọ̀ wáyà náà. A da omi olóògùn inú rẹ̀ nù, a kọ́kọ́ fi omi bátìrì lásán dán ọkọ̀ wò lórí òkè kan náà kí n lè mọ òótọ́. Abẹ́rẹ́ gòkè kọjá àárín, ó súnmọ́ pupa, kò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo da oògùn sí i, a tún padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjá àárín díẹ̀ péré, ó sì dúró síbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń bi mí títí dòní nìyí: oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ìba díẹ̀ ló ń mú ooru sọ̀ kalẹ̀, fún ọkọ̀ tó ń fi gbogbo agbára sáré, díẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì. Àmọ́ kò lè bá ẹ yí fáànù padà.

Ọjọ́ ìdíje, gbogbo wa lọ. Nígbà tó kan ọkọ̀ pupa, Mojí wà nídìí rẹ̀, bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó de akoto mọ́rí. Ẹ́ńjìnnì ké. Wọ́n gbéra bí ohun tí wọ́n jù. Ọ̀gá Múfú di apá mi mú, kò mọ̀ pé òun ń fún un. A wo òkè títí wọ́n fi wọ ẹ̀yìn igi, a sì ń wá èéfín lójú sánmà. Kò sí èéfín. Nígbà tí wọ́n yọ padà, tí wọ́n ń rọra bọ̀, ọwọ́ Pròf wà níta fèrèsé, ó ń jùwọ́ sí gbogbo èèyàn.

"Abẹ́rẹ́ dúró!" ni Mojí pariwo. "Kò wọ pupa!"

"Alhamdulilahi," ni Ọ̀gá wí.

Pròf bọ́ akoto. Omi wà lójú rẹ̀. "Mo rí i," ó wí. "Àwọn igi ń sáré bọ̀. Mo rí ilà funfun tó wà láàárín ọ̀nà. Mo rí ẹyẹ kan tó fò sókè, ẹ̀rù bà á." Mojí gbá a mọ́ra, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ títà lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè tún gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, Pròf ṣí ilẹ̀kùn, ó tọ́ka sí mi.

"Ìyá Ràṣídì, ẹ wọlé."

"Èmi kẹ̀? Pròf, ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá lọ."

"Ẹ̀yìn mi ò gbà á," ni Ọ̀gá wí. "Lọ, kí o sì ṣọ́ géèjì yẹn fún mi. Mo fẹ́ mọ ibi tó máa dé."

Mo so ìbòrí mi le, mo de akoto lé e, mo wọlé. Gbogbo ọdún tí mo fi tún ọkọ̀ àwọn èèyàn ṣe, n kò wọ èyí tó ń sáré bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Mojí gbéra, àga gbá mi lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ wo iwájú o!"

Mo gbé ojú sókè. Ọ̀nà ń ṣí sílẹ̀ níwájú wa, oko ń ya lọ lápá ọ̀tún àti òsì, òkè sì ń bọ̀ wá bá wa bí ẹni pé ó fẹ́ gbé wa mì. Mo figbe ta. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún figbe ta.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, Ọ̀gá Múfú ti ń dúró, ó da ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn.

"Sìdí, níbo ni abẹ́rẹ́ wà?"

Mo wò ó. Orúkọ mi gan-an, èyí tó ń pè mí láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a kọ́ṣẹ́, ló pè.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ má bínú. N kò wò ó mọ́."