Egungun Kékeré Ọwọ́ Àbúrò Mi

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni àbúrò mi. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Mo-Ti-Mọ̀, torí kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ fún un tí kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Orí rẹ̀ ló le.

Ó jábọ́ lórí àkàbà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀. Egungun kan ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, tí kò ju ẹ̀pà inú èèpo lọ, dá sí méjì. Ilé ìwòsàn fi báńdéèjì líle dì í, wọ́n ní kó má tú u títí àwọn ó fi sọ. Bí kò ṣe dùn ún mọ́, ó fi ayùn rẹ́ báńdéèjì náà kúrò.

Mo bi í pé kí ló dé.

"Bùrọ̀dá, bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, ṣé a tún máa ń fi irin há pákó ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti gbẹ?"

"Mo ti mọ̀."

Kò gbẹ. Nígbà tó yá, ìfági ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la fà á padà. Dókítà obìnrin kan gbé fọ́tò egungun náà síbi iná, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, apá kan egungun yìí ti ń kú. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. A ó gé egungun níbòmíràn lára yín, a ó fi dí àlàfo náà. Tí ẹ bá fi falẹ̀, ọwọ́ yìí kò ní lè di irinṣẹ́ mú mọ́."

Ó ṣàlàyé. Àwọn lè mú un lápá, nítòsí ọrùn-ọwọ́, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ kò pọ̀. Àwọn lè mú un ní ìbàdí; ó pọ̀, ó le, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gé á dùn ún. Àwọn sì lè mú un létí orúnkún, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n rán iṣan náà mọ́ tọwọ́. Èyí ló máa ń pẹ́ jù lábẹ́ ọ̀bẹ, òun náà ló sì yẹ egungun tó ń kú.

"Ẹ mú ti òkú," ni àbúrò mi wí. "Mo gbọ́ pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ pariwo. "Kí n máa bá egungun òkú sùn? Ẹ gbà mí o!"

Dókítà ní irú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Òkú kì í jí òkú.

"Ẹ mú ti Bùrọ̀dá, nígbà náà. Wọn ò fi tiwọn ṣe nǹkan kan mọ́."

Mo wò ó.

Ó ní òun fẹ́ lọ rò ó nílé. Nílé, ó ní orúnkún lòun fi ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́, ìbàdí lòun fi ń ti pákó. "Ibi gbogbo lára mi ló ń ṣiṣẹ́."

"Ẹnu yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù láti parí ilẹ̀kùn oníbàárà kan. Kò lè yí síkúrù kan ṣoṣo. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá bá òun yí i. Obìnrin náà ká ọwọ́ sáyà.

"Ẹ fi orúnkún yí i."

Ó jókòó lórí pákó. Ó pẹ́ kó tó dìde.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti múra kó tó di pé mo jí. "Bùrọ̀dá, kí lẹ ń dúró dè? Orúnkún ni." Àfi bíi pé èmi ni mo ń fi nǹkan falẹ̀.

Wọ́n ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà fúnra rẹ̀ ló tú báńdéèjì. Fọ́tò fi hàn pé egungun ti so pọ̀. Ó ní kí àbúrò mi di ìka òun mú. Ó dì í mú. Dókítà fà á, kò yọ. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ọwọ́ náà kò tẹ̀ sẹ́yìn tó ti òsì, ṣùgbọ́n ó ń di ìfági mú. Àbúrò mi ń tiro díẹ̀. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, gbogbo ilé la máa ń gbọ́ ọ: "Ọwọ́ ló ṣe mí, orúnkún ni wọ́n gé!" A ti ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́.