Àgùàlà Ọ̀sán Gangan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ga ju odó ìyá mi lọ, mo jẹ́rìí sí ohun tí ojú mi kò rí. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni, mo sì ti gbé e títí mo fi darúgbó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín ná kí ẹ tó bá mi wí, nítorí ohun tó fà á kò ju ẹ̀rù lọ, ẹ̀rù ọ̀hún kò sì ju ti adìẹ lọ. Kódà adìẹ sàn jù mí lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kàn wọlé lọ sùn ni, wọn kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Abúlé kókó ni wọ́n bí wa sí. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, tí mo fi ọdún méjì péré jù lọ, ni bàbá wa máa ń fi ṣọ́ kókó tó bá sá sórí ẹní, kí ewúrẹ́ má baà tẹ̀ ẹ́, kí òjò má sì ká a mọ́ ìta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sí òjò, kò sí ìkùukùu, oòrùn ṣàdédé ń sọnù lójú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ bíi ti àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Atẹ́gùn tutù. Àwọn adìẹ tò wọlé. A ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo láti ìdí ilé wá pé òṣùpá ń bá oòrùn jà. N kò dúró ronú. Apẹ̀rẹ̀ kókó ńlá kan wà nítòsí, mo dojú rẹ̀ dé, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo di ojú méjèèjì, mo tún fi ọwọ́ bo ojú tí mo ti dì, bí ẹni pé apẹ̀rẹ̀ àti ìpéǹpéjú kò tó. Mo gbàdúrà pé bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ ja ìjà náà parí, kí wọ́n jọ̀wọ́ lọ jà á ní abúlé kejì.

Àbúrò mi kò sá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán pátápátá, ó gbójú sókè.

Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ fi padà. Ká tó ṣẹ́jú mélòó kan, mo ti jáde, mo ti gbọn eruku ara mi, mo dúró bí ọkùnrin. Bàbá wa sáré dé láti inú oko, ó bi wá ní ohun tí a rí. Àbúrò mi ní òun rí oòrùn tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí irun funfun yọ yí i ká, irun tó ń tàn. Ó ní òun sì rí àgùàlà, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ yòókù lọ, tí kò jìnnà sí oòrùn, lọ́sàn-án gangan.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ajá òṣùpá ni wọ́n ń pe àgùàlà lọ́dọ̀ wa, nítorí wọ́n sábà máa ń rí àwọn méjèèjì pọ̀ lójú ọ̀run tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Ajá kì í sì í fi ẹni tó ni ín sílẹ̀ lọ jókòó ti ọ̀tá. Bí òṣùpá bá ń bá oòrùn jà, kí ni ajá òṣùpá ń wá lọ́dọ̀ oòrùn? Bàbá wa kọjú sí mi. Ó ní èmi ni àgbà, èmi náà sì wà níbẹ̀, ṣé mo rí ìràwọ̀ kankan?

Ẹ wo ibi tí mo há sí. Bí mo bá ní mo rí i, wọ́n á ní kí n júwe rẹ̀. Bí mo bá ní n kò wò ó, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo wà. Mo wá yan ọ̀nà tó yá jù. Mo ní, "Mo wò ó dáadáa, bàbá. Kò sí ìràwọ̀ kankan. Irọ́ ló ń pa."

Ẹgba mẹ́fà ni wọ́n nà án. Èmi ni wọ́n rán lọ já ẹgba náà wá.

Ojú ẹgba jinná, ṣùgbọ́n orúkọ kò jinná. Alágùàlà Ọ̀sán ni gbogbo abúlé sọ ọ́. Bó bá ní òjò ń bọ̀, wọ́n á ní ṣé àgùàlà ló sọ fún un. Bó bá ní inú ń run òun, wọ́n á ní kó lọ bi ajá òṣùpá. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́ kún un. Nígbà tó yá, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ kó má fi "bóyá" ṣáájú. Bóyá iná ti kú. Bóyá ebi ń pa òun. Òun àti "bóyá" yẹn ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà kan, ó wí fún dókítà pé bóyá orúnkún ń dun òun. Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo bàtà mi.

Peckham yìí ni àwa méjèèjì darúgbó sí. A jọ gbé ní North Peckham kí wọ́n tó wó àwọn ilé ìjọba tó wà níbẹ̀. Ní báyìí, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín ilé mi àti tirẹ̀, ogún ìṣẹ́jú bí òtútù bá mú. Uncle ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ọjà Rye Lane, títí kan àwọn tí mo lè bí bàbá wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé Uncle wọn ti wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, mo ra iṣu tán, mo yà sílé rẹ̀. Mo bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ti kó gbogbo ohun tí ìyá àgbà fẹ́ fi se ọbẹ̀ àti èso rẹ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́tàmẹ́lóònù ńlá kan wà láàárín. Hóró ata dúdú, tòmátò, agbálùmọ̀, ata rodo, ọsàn, àlùbọ́sà àtàwọn mìíràn, wọ́n tò yí i ká. Mo bi í pé ṣé ọjà ló ń pa ni. Ó ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni, òun máa sọ̀rọ̀ lé e lórí níwájú kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ó ní, "Uncle, gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì yìí ló ń yí oorun ká."

Ẹ mọ bí àwọn ọmọ tí a bí síbí ṣe ń sọ Yorùbá, ohùn wọn tẹ́jú bí ọ̀nà ọ̀dà. Oòrùn ló fẹ́ pè. Mo ní èmi náà ń yí oorun ká láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ó tún un pè, òórùn ló jáde lẹ́ẹ̀kejì, ìyá àgbà sì bú sẹ́rìn-ín láti inú kíṣìnnì.

Ọmọ náà mú ọ̀bẹ, ó la wọ́tàmẹ́lóònù tó fi ṣe oòrùn sí méjì. Ó ní oòrùn kì í ṣe iná igi bí mo ṣe rò, gáàsì ni, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ooru ti ń wá, àti pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ á máa tiraka fún àìmọye ọdún kó tó dé èèpo. Bó bá sì ti jáde, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Inú mi sọ pé, kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń gbé nǹkan sínú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa òwú jáde nínú àpò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọ́tàmẹ́lóònù yí ká. Ó ní oòrùn ní nǹkan kan tó yí i ká, funfun báyìí, bí irun, ṣùgbọ́n ojú oòrùn mọ́lẹ̀ jù, kì í jẹ́ ká rí i, àfi ìgbà tí òṣùpá bá bo ojú náà tán pátápátá. Ó wá fọwọ́ kan tòmátò, ìkejì sí oòrùn. Ó ní Fínọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é níbí, ṣùgbọ́n Grandma ní àgùàlà ni. Mo ní ajá òṣùpá.

"Kì í ṣe ajá òṣùpá, Uncle. Oòrùn ló ń yí ká bíi tiwa, ó tiẹ̀ sún mọ́ oòrùn jù wá lọ. Tí ọ̀sán bá ṣú, wọ́n lè rí i."

Mo jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà wa kúkú ti pa á lówe: àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Wọ́n ṣe bí! Lẹ́nu gbogbo wa ni òwe náà wà nígbà tí a ń na ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ náà ní tíṣà wọn fẹ́ ìtàn ojú ọ̀run kan láti ilé kọ̀ọ̀kan, òun ti bẹ Grandma títí, wọn ò sọ tiwọn. Àbúrò mi dáhùn láti ibi tó ti ń fọ ẹ̀fọ́. Ó ní, "Bi Uncle ẹ. Àwọn ni wọ́n wò ó dáadáa. Bóyá èmi ò rí nǹkan kan."

Ọmọ náà tan fóònù rẹ̀, ó gbé e sí mi lẹ́nu. "Uncle, kí lẹ rí?"

Ohun tí mo bá sọ ni wọ́n á gbọ́ ní kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí mo bá tún un pa, ọmọ-ọmọ Alágùàlà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé irọ́ náà lọ sí ilé-ìwé. Mo wo yàrá náà yíká. Kò sí apẹ̀rẹ̀. Mo wúkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa kókó àti ewúrẹ́, ọmọ náà sì ń dúró. Níkẹyìn mo ní, "N kò rí nǹkan kan. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni mo wà, mo dijú. Grandma rẹ ló rí i. Òtítọ́ ló sọ, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn tí wọ́n fi nà án."

Omi ẹ̀rọ dákẹ́ ní kíṣìnnì. Ọmọ náà bi mí pé kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀rù ni. Ó wo òwú tó lẹ̀, ó wo tòmátò, ó ní ẹ̀rù èwo, nígbà tó jẹ́ pé òṣùpá kàn gba iwájú oòrùn kọjá ni?

Nígbà tiwa, bí ọmọdé bá rí nǹkan, àgbà ni wọ́n ń bi bóyá ó rí i. Ìran yín máa ń ní kí ọmọ wá sọ ohun tó mọ̀, wọ́n sì ń gba ohùn àgbà sílẹ̀ sínú fóònù. N kò mọ̀ bóyá gbogbo ohun tó yí padà ló dára. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ká ní ẹnì kan ti lẹ òwú mọ́ èso lójú wa lọ́jọ́ náà, ẹgba tí mo já ì bá wà lórí igi rẹ̀.

Àbúrò mi jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ohun tí ẹ̀gbọ́n kì í ṣe fún àbúrò. Orúnkún mi gbà, ẹ̀yìn mi kọ̀. Ó di apá mi mú.

Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ látọjọ́ náà, ẹsẹ̀ yín ò wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ tán. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á sọ ẹ̀yin náà lórúkọ. Orúkọ burúkú kan ti tó ilé kan."