Fóòmù Láàárín Ìyá-ìlù àti Omele

Ìlù tún tú mọ́ wọn lọ́wọ́, mo sì rò pé yàrá mi ló fà á.

Yàrá tí mo ti ń gba orin sílẹ̀ ní Tchaourou kéré gan-an. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ló wà, nítòsí ojú irin, àpò kajú tó ti ṣófo ni mo sì fi bo ògiri rẹ̀ kí ìró má baà máa ta padà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan gun zẹ̀míjàn, alùpùpù akérò, wá láti Sanson pẹ̀lú ìlù igi méjì. Tonton Ráfíù, ẹ̀gbọ́n, ló ń lu ìyá-ìlù. Lásísì, àbúrò rẹ̀, ló ń lu omele. Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé bí wọ́n bá ti wa iṣu ọdún yìí tán, òun kò ní lùlù mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wọn fi ní kí n gba ìlù wọn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Parakou a máa sọ pé nínú yàrá kékeré, ìyá-ìlù dà bí àlejò tó sanra tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà: kò sẹ́ni tó máa ríbi wọlé mọ́. Míkírò kan ni mo kọ́kọ́ gbé sókè láàárín wọn. Ohun tí mo gbọ́ nínú kásìkì tí mo dé sétí dà bí ìgbà tí kámíọ̀n akẹ́rù ń kọjá lórí afárá. Mo gbé ìyá-ìlù kúrò ní igun yàrá, torí igun ni ìró ńlá ti máa ń wú. Mo wá gbé míkírò mìíràn sún mọ́ omele, ó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan kó kan etí awọ, mo sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìyá-ìlù, nítorí irú míkírò bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ìyá-ìlù ṣì ń wọlé. Ni mo bá gbé fóòmù ibùsùn mi dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Ohùn mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlù tú. Ẹ̀gbọ́n ń lọ, àbúrò ń bọ̀, wọn kò pàdé.

Lásísì rọra pè mí síta.

"Tata Félì, ẹ bá wa gbé fóòmù yẹn kúrò."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ omele mọ́. Ìró ńlá ló kù tó ń gbọ́. Ọwọ́ mi ló máa ń wò tó fi ń mọ ibi tí a dé."

Mo ti rí wọn níbi ìgbéyàwó ní Tchatchou, tí wọ́n kọjú síra wọn bí wọ́n ṣe ń lù. Mo rò pé àṣà wọn ni.

Mo wọlé, mi ò gbé fóòmù kúrò. Mo fi ohùn omele nìkan sílẹ̀, mo yí i sókè, mo dé kásìkì náà sí Tonton Ráfíù létí, mo sì juwọ́ sí Lásísì pé kó máa lù.

Bàbá náà kò mira. Ọ̀pá ìlù wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ròkè bí ti ẹni tó dé kásìkì.

"Lásísì, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì dáhùn báyìí?"

"Ó ti pẹ́."

"Èmi ò gbọ́ ọ rí."

Lásísì tẹrí ba sórí omele, kò dáwọ́ dúró.

"Tún ibẹ̀ lù," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Mo ti gba ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé àbúrò tó ti ń jókòó tì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Nígbà tó yá, Tonton Ráfíù mú ọ̀pá rẹ̀, kásìkì ṣì wà létí rẹ̀. Wọ́n lù ú dópin, kò tú. Níbi tí ọwọ́ òsì Lásísì bá ti dé, ẹ̀gbọ́n á gbé ọ̀pá sókè, á dákẹ́, kí omele lè dá sọ̀rọ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó bá gbọ́ orin náà lórí fóònù a máa bi mí bóyá ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́ níbi tí ìyá-ìlù ti ń sọnù. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò bàjẹ́: ẹ̀gbọ́n ló ń tẹ́tí sí àbúrò rẹ̀.