Abẹ́rẹ́, Òróró àti Ọwọ́ Tí Kì Í Kan Ara: Bí Èjìká Mi Ṣe Rìn Yí Festac Ká

Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún mi kọ̀ láti gòkè mọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn oníwòsàn mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà tún ti ń wọ́pọ̀. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ àbúrò mi kan bi mí pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé nínú gígún abẹ́rẹ́ bíi ti àwọn ará Ṣáínà, másáàjì, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Réékì, èwo ló dára jù? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó bí i.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, a sì ń gbé ní òkè nínú ilé alájà kan ní Festac. Àwọn tí kò gbé ibẹ̀ nígbà náà máa ń rò pé ìgbádùn nìkan la ń jẹ. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ilé dára, títì dára, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, garawa la sì fi ń gbé omi gun àtẹ̀gùn.

Èmi ń kọ́ kíláàsì kẹfà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àmúwò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń múra ìdánwò tí wọ́n máa fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà tí wọ́n bá gbé kíláàsì kẹfà fún, wọ́n ti fọkàn tán an nìyẹn.

Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ ní èjìká. Mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru garawa. Nígbà tó yá, mi ò lè kọ̀wé kọjá ìdajì pátákó mọ́. Ìsàlẹ̀ nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á dìde dúró kí wọ́n tó lè rí i kà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pè mí. Ó ní òun á ní sùúrù títí táàmù á fi parí. Bí ọwọ́ náà kò bá gòkè, òun á gbé kíláàsì kẹfà fún ẹlòmíràn, èmi á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Kò sí ohun tó burú nínú jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ tíṣà láàárín yín á mọ ohun tí mo gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ní àdúgbò wa, tí nǹkan bá ń ṣe ènìyàn, gbogbo ilé ni yóò gbọ́, gbogbo ilé ni yóò sì ní ẹni tó mọ̀ tó lè wò ó. Alàgbà Fálọdún tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló kọ́kọ́ gòkè wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, orúnkún òsì rẹ̀ sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́.

"Tíṣà, ẹ má wulẹ̀ lọ máa tò sí ọsibítù. Abẹ́rẹ́ ará Ṣáínà ni ẹ máa gbà. Wọ́n gún mi, orúnkún yìí di tọmọdé."

Ó fọwọ́ gbá orúnkún náà fún mi wò, ó wá rọra jókòó bí ẹni tó ń sọ ẹyin kalẹ̀. Ó yẹ kí n ti fi ìjókòó yẹn mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Alàgbà ni oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ní òun kọ́ṣẹ́ ní Ṣáínà, ó sì gbé ìwé-ẹ̀rí kan kọ́ sára ògiri, tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ láti òkè délẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú gbogbo wa. Ó lè jẹ́ ìwé-ẹ̀rí lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ rìsíìtì bàtà.

"Ẹ bọ́ bàtà yín, ma," ló kọ́kọ́ sọ fún mi.

"Dókítà, èjìká ló ń dùn mí."

"Mo gbọ́, ma. Ẹsẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ gbà. Bí gílóòbù yín kò bá tàn, ṣé gílóòbù nìkan lẹ máa ń wò ni? Ṣé ẹ kì í yẹ wáyà wò?"

Ó wù mí kí n sọ fún un pé nílé tiwa, gílóòbù kò jẹ̀bi, wáyà kò jẹ̀bi, iná gan-an ni kì í sí. Mo kàn bọ́ bàtà. Ó gún mi lẹ́sẹ̀, ó gún mi lọ́rùn ọwọ́, ó gún mi létí, mo sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí òòrẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, kí n sọ òótọ́. Nígbà tó yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà tán, ó fún mi lómi tútù, ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá ìrora náà ti ń dín kù.

Ẹ jọ̀wọ́, èsì wo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa fọ̀? Ọkùnrin yìí ti wá àyè fún mi, ará ilé aládùúgbò mi ni, mo ti mu omi rẹ̀. Mo ní, "A dúpẹ́. Ó ti ń fúyẹ́." Inú rẹ̀ dùn. Mo lọ léraléra. Ìdúpẹ́ ń pọ̀ sí i, ọwọ́ kò kúrò níbi tó wà.

Ìyá Tóyìn, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọ tiwa, ló wá ní kí n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn òun tó ti fẹ́ sọ òun di arúgbó, obìnrin kan ní Kuje, ìtòsí Àmúwò níbí, ló fi òróró wọ́ ọ títí tó fi sàn. Ìyá Olóròóró ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Yàrá rẹ̀ ń rùn fún àdí àti káńfọ̀. Ó ní kí n sinmi, kí n má gan ara, ó wá gbé orúnkún lé mi lẹ́yìn, ó dì mí lápá mú, ó sì fà á bí ẹni tó ń fa iṣu yọ nínú ebè.

"Ìyá, ẹ rọra."

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ máa ń na ọmọ wa dáadáa, ẹ ò wá fẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan tiyín."

Àwọn obìnrin tó ń dúró de àyè tiwọn lórí àga gbọọrọ bú sẹ́rìn-ín. Èjìká mi dún kàà. Ìyá Olóròóró ní àìsàn náà ló ń jáde yẹn. Ní òtítọ́, oore kan wà tí ó ṣe mí: mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò lè fi ọwọ́ náà gbé ṣíbí dé ẹnu. Kí ni mo wá ṣe? Mo ní kí Ìyá Tóyìn bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà.

Nígbà yẹn, ìparí táàmù ti súnmọ́lé. Ìyá Tóyìn, tí nǹkan kì í sú, tún ní Bọ̀dá Báyọ̀, ará àdúgbò wa kan, ti Amẹ́ríkà dé, pé ó ń ṣe ìwòsàn kan tí wọ́n ń pè ní Réékì. Kò ní fi abẹ́rẹ́ gún ni, kò ní wọ́ ni, kò tilẹ̀ ní fọwọ́ kan ni. Lẹ́yìn ohun tí Kuje fi ojú mi rí, àìfọwọ́kanni wù mí púpọ̀. Mo ní ká máa lọ.

Pálọ̀ ni ó ti ń wo àwọn ènìyàn. Ó fa kọ́tìnnì dí ibi gbogbo, ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì kan sínú rédíò, ohùn omi tó ń ṣàn lórí òkúta ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó ní kí n di ojú, kí n má sọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kí agbára náà ṣiṣẹ́. Mo yọjú wò díẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ èjìká mi bí ẹni tó ń yáná.

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa ni kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi ti dé ni? Mo fi garawa mi sí abẹ́ ẹ̀rọ kí n tó wá."

"Rárá, ma. Kásẹ́ẹ̀tì ni."

"Háà," ni obìnrin náà wí, ó sì tún jókòó. Mo káàánú rẹ̀ ju ara mi lọ.

Bí mo ṣe dìde tí mo fẹ́ wọ bàtà ni mo rí Alàgbà Fálọdún lórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó di orúnkún mú. Mo kí i. Ó wò mí bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Tíṣà, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà wá ṣe ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní orúnkún yín ti di tọmọdé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì ni mo gbé wá."

"Òsì lẹ gbá fún mi wò nígbà yẹn, sà. Òsì náà lẹ dì mú yìí."

Ó wo orúnkún náà bí ẹni tó fẹ́ bá a wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tíṣà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Ṣé kí n wá wo ojú rẹ̀ kí n ní iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́? Ó bi mí, mo ní a dúpẹ́. Ó ní kí n máa sọ fún èèyàn. Mo ń sọ."

Mo yíjú sí Ìyá Tóyìn. Kọ́tìnnì ló ń wò.

"Ìyá Tóyìn, ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ìyá Wálé," ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, "ẹ̀yìn wà níbẹ̀."

Ká tó sọ òmíràn, Bọ̀dá Báyọ̀ jáde sí wa, ó fi imú bi wá, bí àwọn tó ti Amẹ́ríkà dé ṣe máa ń sọ̀rọ̀, pé ṣé a ń rí ìyàtọ̀. Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "A dúpẹ́ o." Ohùn mi wà nínú rẹ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi nílé, mo ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó ní òun ni òun ń bá mi fa síìpù aṣọ lárààárọ̀, òun sì mọ̀ pé ọwọ́ náà ń burú sí i. Ó ní ṣé mi ò kíyè sí i pé òùngbẹ ń gbẹ mí ju ti tẹ́lẹ̀, pé mo sì ń jí lóru léraléra láti tọ̀? Ó ní ọsibítù ìjọba la ń lọ, òun náà á sì bá mi lọ.

Dókítà ọ̀dọ́ kan, ọmọlúàbí, ló dá wa lóhùn. "Màmá, báwo ni ara?"

"A dúpẹ́, dókítà."

"Ṣé kò fi bẹ́ẹ̀ le?"

"Kò le tó bẹ́ẹ̀."

Ó ti fẹ́ kọ oògùn ara ríro fún mi pé kí n máa lọ. Ọkọ mi bá sún mọ́ tábìlì rẹ̀.

"Dókítà, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ sókè."

Mo gbé e. Ó dé àyà, ó dúró. Omi bọ́ lójú mi. Dókítà náà fi bírò sílẹ̀, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ fún oníwòsàn kankan pé ọwọ́ yìí kò sàn rárá.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi wò. Àtọ̀gbẹ ni, a ò sì mọ̀. Dókítà náà ní èjìká tó gan bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní i. Ó wá rí ojú abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ mi, ó béèrè ẹni tó gún mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó mi orí, ó ní ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn lè máa gún lásán, pé egbò kékeré níbẹ̀ lè gba gbogbo ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi pátápátá.

Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n tún oúnjẹ mi tò, wọ́n sì kọ́ mi láti máa dojú kọ ògiri, kí n máa fi ìka rìn gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ àti òróró lọ. Kò sì yá. Táàmù parí, ọ̀gá mi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, kíláàsì kẹfà lọ. Gbogbo ọdún ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lórin, kí ọwọ́ mi tó tún dé òkè pátákó tí wọ́n sì dá kíláàsì mi padà fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, mo rọra ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá lára mi. Mo ní kó máa bi àwọn ènìyàn nípa àtọ̀gbẹ kó tó gún wọn lẹ́sẹ̀. Ojú tì í. Ó ní, "Ma, gbogbo ẹni tí mo gún ló sọ pé a dúpẹ́, títí kan ẹ̀yin. Ta ni ó yẹ kó sọ fún mi?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ àbúrò mi ni mo ń sọ fún ẹ̀yin náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ yín, ẹ lọ wọ́ra, ẹ máa sùn dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ ti máa jókòó jẹ́ẹ́, ẹ lọ dijú lábẹ́ Réékì, kò sí ẹni tó máa gún yín. Bí abẹ́rẹ́ bá wù yín, ẹ wá ẹni tó kọ́ ọ ní tòótọ́, kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ìrora tí kò bá lọ, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó fà á. Ẹ má sì gbára lé ẹ̀rí aládùúgbò kí ẹ tó wo bó ṣe ń jókòó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara yín ṣì ń dùn yín? Ẹ kọ ọ́ síbí kí àwa yòókù kà á. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: ẹni tó ń tọ́jú yín kò nílò ọ̀wọ̀ yín tó bí ó ṣe nílò òtítọ́. Tó bá bi yín pé ṣé ó ti sàn, tí kò sì sàn, ẹ sọ fún un pé kò sàn.