Wíìlì Kékeré Lábẹ́ Bàbá Mi

Kẹ̀kẹ́ yòówù kí èmi ọmọbìnrin rẹ̀ tún ṣe, bàbá mi kì í jẹ́ kó dé ọwọ́ oníbàárà àfi tó bá kọ́kọ́ fi sípánà tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ dì. Ogún ọdún la ti jọ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò Cow Lane, ogún ọdún ló sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi, lójú oníbàárà. Ó máa ń dùn mí.

Nígbà tó yá, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ le, kò ká dáadáa mọ́. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gun òkè, wíìlì ínṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ní. Ó ga jù fún un. Ó ní ká tà á, pé òun á máa wọ ọkọ̀ trotro. Ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n tó mọ̀ ọ́n rìn! Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́.

Mo yọ wíìlì méjèèjì, mo fi ti ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rọ́pò wọn. Ẹni tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. "Ei, Anago," bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá níbí, "kẹ̀kẹ́ ọmọdé lo fẹ́ gbé fún Alhaji bàbá rẹ?" Àwo irin tó wà láàárín wíìlì ni bíréèkì rẹ̀ ń dì mú, kì í ṣe etí wíìlì, nítorí náà kò sí wàhálà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ fi bí ìka méjì lọ sílẹ̀. Mo ti ń yangàn.

Mo gùn ún wò dé Tudu. Bí mo ṣe fẹ́ yà, pẹ́dàlì kọlu ilẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lu àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Mo gbàgbé pé bí kẹ̀kẹ́ bá lọ sílẹ̀, pẹ́dàlì náà á bá a lọ. Ojú tì mí. Mo padà, mo wá irin tó gbé pẹ́dàlì dúró, èyí tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀, mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Orí bá mi ṣe é: bí irin náà ṣe kúrú yẹn, orúnkún kò ní í ká púpọ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án, bàbá mi gùn ún lọ. Kò tètè dé, mo ń yọjú wo títì. Nígbà tó yọ, ó ń tẹ pẹ́dàlì wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ń yí.

"Ó dáa paa," ló wí.

Mo na sípánà sí i kó fi tún àwọn nọ́ọ̀tì dì, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó ń ta táyà ń wò wá. Bàbá mi wo sípánà, ó wò mí.

"Kí ni kí n fi ṣe?" ló ní, ló bá tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.