Ṣòkòtò Funfun Lábẹ́ Pátákò Arúgbó

“Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ tí oorun ń bẹ̀ tí ẹ ò dá a lóhùn!”

“Ààlọ̀, Màmá!”

Ààlọ́ mi ró pọ̀ọ́, ó bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ó sì di ṣòkòtò ọkùnrin kan mú.

Ọkùnrin kan wà tó ń kan bàtà irin mọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe nìyẹn, òun náà ò mọ òmíràn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin há sáàárín itan rẹ̀, tó kó ìṣó sẹ́nu, ẹṣin tó burú jù á dúró jẹ́ẹ́. Afẹ́ nìkan ló ń bá a jà. Ẹni tó ń ti àárọ̀ dalẹ́ nínú ìgbẹ́ ẹṣin, ó ń fi òróró ra irùngbọ̀n! Kò sí dígí tó rí tí kò dúró kí.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, ẹlẹ́ṣin ni. Ó máa ń gun ẹṣin nínú ìdíje ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, láti ìdájí títí oòrùn á fi rọlẹ̀, òun àti àwọn tí jíjókòó sílé ń ni lára. Abo ẹṣin pupa kan ló ń gùn. Arúgbó ni wọ́n ń pe ẹṣin náà. Ẹ má wo ojú mi, arúgbó ju arúgbó lọ.

Ohun tó ń ṣe Arúgbó ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Etí pátákò ni bàtà irin ń bò, àárín rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ibẹ̀ sì ni òkúta ọ̀nà ti ń gún un. Nígbà tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, àárín ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ni dókítà ẹranko tó ń yẹ ẹṣin wò lójú ọ̀nà bá dá wọn padà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tó ni ẹṣin, là á mọ́lẹ̀: “Àbúrò mi, bó bá tún tiro báyìí, mo ta á nìyẹn. N ò lè máa bọ́ ẹni tí kò lè rìn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ obìnrin náà lára. Ó wá rọ́bà olómi kan rí, èyí tí wọ́n ń dà sábẹ́ pátákò, táá dì bíi tìmùtìmù kí òkúta má bàa dé ẹran ara. Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Tìmùtìmù? Fún ẹṣin? Ṣé ká ra bẹ́ẹ̀dì fún un pẹ̀lú?”

“Ẹ rà á fún un, ọkọ mi. Òun kì í hanrun bíi tiyín.”

Ọkùnrin náà kọ̀, ó kọ̀, àfìgbà tó gbọ́ pé ayàwòrán kan ń gbé kámẹ́rà bọ̀ wá ya ẹṣin àti àwọn tó ń tọ́jú wọn. Kíá ló gbà! Bàǹtẹ́ awọ tí kì í bọ́ kúrò nídìí lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé e kọ́. Ṣòkòtò funfun ló wọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ṣòkòtò funfun, tó lọ̀ ní àyọ́nù, ní ilé ẹṣin!

Ìyá ìyàwó wá wò wọ́n lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀.

“Àna mi, ṣé ìyàwó míì lẹ fẹ́ lọ fẹ́ ni?”

“Màmá, iṣẹ́ ni o.”

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ó fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ kúrò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin gbo ó. Nítorí pé rọ́bà yẹn kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó tutù, ìyá ìyàwó gba ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbẹ irun, ó ń fẹ́ ooru sí pátákò. Arúgbó dijú, ó ń gbádùn ara rẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹsẹ̀ iwájú kan parí. Wọ́n bọ́ sórí ìkejì pẹ̀lú ìwọ̀nba rọ́bà tó kù.

Bó ṣe dà á tán báyìí, ayàwòrán ní, “Ọ̀gá, ẹ wo ibí!”

Ó wo ibẹ̀. Ó yọ eyín. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan hàn, ó tún fi ìkejì hàn. Rọ́bà ò mọ ẹ̀rín o. Ó rọra ṣàn kọjá etí bàtà irin, ó bọ́ sórí itan ọ̀gá, ó sì dì gbagidi. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ ẹsẹ̀ ẹṣin kalẹ̀, ṣòkòtò tẹ̀ lé e.

“Ẹ má fà á!” Ìyàwó rẹ̀ ti kígbe. “Bẹ́ ẹ bá fà á, gbogbo ẹ̀ á ṣí kúrò, kò sì sí òmíràn mọ́!”

“Ṣé kí n máa bá ẹṣin gbé ni?”

“Ẹ gé ṣòkòtò.”

“Níwájú ìyá ẹ?”

Ìyá ìyàwó ò tiẹ̀ dìde lórí korobá. “Àna mi, ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí ṣáájú ìyàwó yín. Kò sóhun tẹ́ ẹ tọ́jú síbẹ̀ tó máa yà mí lẹ́nu.”

Ọkùnrin náà wo ayàwòrán. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó di ìjánu mú, tó ń wo ẹsẹ̀ Arúgbó. Ló bá fa ọ̀bẹ pátákò yọ, ó sì gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan láti ìdí. Ayàwòrán ò kúkú dáwọ́ dúró. Ọ̀gá dúró pẹ̀lú itan kan níta, ó gé aṣọ náà dọ́gba pẹ̀lú rọ́bà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Kò sí kókó kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, dókítà dá wọn dúró ní agbedeméjì ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ Arúgbó.

“Madam, kí ni funfun abẹ́ ibí yìí?”

“Ṣòkòtò ọkọ mi ni, dókítà.”

Dókítà sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó sáré kí n wò ó.”

Arúgbó sáré geere, kò tiro rárá. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, ó só pàà sí i. Dókítà fọwọ́ kan bo imú, ó fi ìkejì ṣe àmì sí wọn pé kí wọ́n máa lọ.

Wọn ò gba ipò kankan o. Wọ́n ṣáà délé lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó gbé omi fún Arúgbó, kò sì dárúkọ títà mọ́. Àwòrán wà lára ògiri ilé ẹṣin di òní, Aláàbọ̀-Ṣòkòtò sì ni gbogbo ayé ń pe ọ̀gá. Ó ń jẹ́ ẹ. Àmọ́ bó bá fẹ́ lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ báyìí, bàǹtẹ́ awọ ló ń ró lọ.

Ta ló ń bi mí bóyá ó wọ pátá lọ́jọ́ náà? Ó wọ̀ ọ́. Ó ní ihò. Ó yá, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín kó mọ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gorí ẹní mi. Ẹ lọ sùn.